Ọgbọ́n Ọwọ́ àti Ẹgbẹ́ Nínú Ìjọ Ọlọ́run

Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Ẹ́kísódù 35:20 – 36:7, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42.

Ẹsẹ Àkọ́sórí: Ẹ́kísódù 35:21. (Kí olúkúlùkù kọ́ ọ sórí láti inú Bíbélì rẹ̀ kí a tó pàdé.)

Kókó Ẹ̀kọ́: Ọlọ́run ni ó fi ọgbọ́n sí ọwọ́ ènìyàn. Ẹgbẹ́ tí ó bá fi ọgbọ́n náà sin Ọlọ́run kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.

Ète Ẹ̀kọ́: Ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè (1) sọ ohun tí Bíbélì kọ́ wa nípa iṣẹ́ ọwọ́ nínú ilé Ọlọ́run, (2) yẹ ẹgbẹ́ tirẹ̀ nínú ìjọ wò bóyá ó ń gbé àwọn ènìyàn ró, (3) yan iṣẹ́ kan pàtó tí kíláàsì lè jọ ṣe.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́

Ajé: Ẹ́kísódù 31:1–11
Ìṣẹ́gun: Ẹ́kísódù 32:1–6
Ọjọ́rú: Ẹ́kísódù 38:21–31
Ọjọ́bọ̀: Nehemáyà 3:1–12
Ẹtì: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7
Àbámẹ́ta: 1 Kọ́ríńtì 12:12–26
Ọjọ́ Ìsinmi: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Láti ayébáyé ni àwa Yorùbá ti mọ̀ pé igi kan kò lè dá igbó ṣe. Bí iṣẹ́ oko bá pọ̀ ju agbára àgbẹ̀ kan lọ, yóò bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá àáró. Wọn yóò ṣe ti ẹni yìí lónìí, wọn yóò ṣe ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Bí ó bá sì jẹ́ ilé ni ó fẹ́ kọ́, yóò bẹ ọ̀wẹ̀. Kò sí owó iṣẹ́ nínú ọ̀wẹ̀. Ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́ ni yóò wá oúnjẹ àti omi fún àwọn tí ó wá. Ẹni tí a sì ti ràn lọ́wọ́ lánàá kò jẹ́ jókòó sílé nígbà tí a bá bẹ ọ̀wẹ̀ ẹlòmíràn lónìí.

Nígbà tí ìhìn rere dé ilẹ̀ wa, àṣà rere yìí kò kú. Ọdún 1914 ni àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi para pọ̀ ní Ìbàdàn, láti inú èyí tí Àpapọ̀ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti Nàìjíríà ti dàgbà. Ní ọdún 1919 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí a ń pè ní W.M.U. sílẹ̀. Lónìí, ìwọ̀nba ni ìjọ wa tí kò ní ẹgbẹ́ W.M.U. fún àwọn ìyá, M.M.U. fún àwọn baba, Lydia fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin, G.A. fún àwọn ọmọbìnrin, R.A. fún àwọn ọmọkùnrin, àti Sunbeam fún àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ eléré, àti oríṣiríṣi ẹgbẹ́ tí àwọn ará fúnra wọn dá sílẹ̀ nítorí ìfẹ́ àti ìrẹ́pọ̀.

Ẹgbẹ́ kì í wọ́n wa, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ kì í wọ́n wa. Ẹgbẹ́ kan ń rán aṣọ pẹpẹ, òmíràn ń kọ́ eré Kérésìmesì, òmíràn ń kun ilé ìsìn lọ́dà. Ìbéèrè tí ẹ̀kọ́ òní fẹ́ kí a dáhùn ni èyí: kí ni Ọlọ́run ń retí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó péjọ ní orúkọ Rẹ̀, tí ó sì dáwọ́ lé iṣẹ́ kan?

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

I. Ọlọ́run Ni Ó Ń Fi Ọgbọ́n Sí Ni Lọ́wọ́ (Ẹ́kísódù 35:30–35)

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti jáde kúrò ní Íjíbítì, wọ́n wà ní aginjù. Ọlọ́run pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ àgọ́ fún Òun. Iṣẹ́ náà gba ọ̀pọ̀ nǹkan: igi, wúrà, fàdákà, idẹ, òwú, irun ewúrẹ́ àti awọ ẹran. Ta ni yóò ṣe é? Mósè dárúkọ Bésálẹ́lì, ó sì sọ pé Ọlọ́run ti fi Ẹ̀mí Rẹ̀ kún un. Kí a kíyè sí i dáadáa pé kì í ṣe wòlíì tàbí àlùfáà ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín. Oníṣẹ́ ọwọ́ ni: ẹni tí ó ń gbẹ́ igi, tí ó ń gé òkúta, tí ó sì ń rọ wúrà. Ẹ̀mí kan náà tí ó ń mú kí oníwàásù wàásù ni ó mú kí ọwọ́ Bésálẹ́lì mọ iṣẹ́.

Nítorí náà, káfíńtà tí ó ń tún àga ilé ìsìn ṣe, ìyá tí ó ń rán aṣọ akọrin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń tọ́jú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo wọn ń lo ẹ̀bùn Ọlọ́run. Kò yẹ kí a máa wò wọ́n bí ẹni tí kò rí iṣẹ́ ẹ̀mí ṣe.

Ohun méjì mìíràn tún wà nínú àyọkà yìí. Èkínní, Bésálẹ́lì kò dá nìkan ṣe é. A fi Óhólíábù tì í. Ẹ̀yà Júdà ni Bésálẹ́lì ti wá, ẹ̀yà Dánì sì ni Óhólíábù. Bí a bá ka ìwé Númérì orí 10, a ó rí i pé ẹ̀yà Júdà ni ó ń ṣáájú nígbà tí wọ́n bá ń rìn, tí ẹ̀yà Dánì sì ń kẹ́yìn gbogbo ibùdó. Ẹ̀yà tí ó ń lọ níwájú àti ẹ̀yà tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni Ọlọ́run so pọ̀ lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo. Èkejì, ẹsẹ 34 sọ pé Ọlọ́run fi í sí ọkàn àwọn méjèèjì láti máa kọ́ ẹlòmíràn. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́, tí kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kò tíì lo ẹ̀bùn náà tán. Ìjọ mélòó ni dùùrù rẹ̀ ti dákẹ́ nítorí pé ẹni kan ṣoṣo tí ó mọ̀ ọ́n tẹ̀ ti kó lọ sí ìlú mìíràn?

II. Ọrẹ Àtọkànwá (Ẹ́kísódù 35:20–29)

Mósè kò bu owó orí lé ẹnikẹ́ni nítorí ọrẹ yìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ru sókè ni ó mú nǹkan wá. Ẹni tí ó ní wúrà mú wúrà wá. Ẹni tí ó ní awọ ẹran mú awọ ẹran wá. Àwọn obìnrin tí ó mọ òwú ran fi ọwọ́ ara wọn ran án. Àwọn mìíràn ran irun ewúrẹ́. Irun ewúrẹ́ kò dán bí wúrà, ṣùgbọ́n òun ni a fi ṣe aṣọ tí ó bo àgọ́ mọ́lẹ̀. Nínú orí 38 ẹsẹ 8, a tún gbọ́ pé dígí idẹ tí àwọn obìnrin fi ń wo ojú ara wọn ni a fi ṣe agbada ìwẹ̀ àwọn àlùfáà. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe ara wọn lọ́ṣọ̀ọ́ ni wọ́n yọ̀ǹda, kí àwọn tí ó ń sìn lè wẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nínú ẹgbẹ́ rere, kò sí ẹni tí a ó wò tí a ó sọ pé kò ní ohun tí ó lè mú wá.

III. Wúrà Kan Náà, Iṣẹ́ Méjì (Ẹ́kísódù 32:1–6)

Bí a bá ṣí ìwé sẹ́yìn díẹ̀, a ó ka ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù. Ní orí 32, àwọn ènìyàn kan náà péjọ. Wọ́n bọ́ òrùka wúrà etí wọn, wọ́n kó o fún Áárónì, ó fi irin iṣẹ́ ọnà ya ère ọmọ màlúù. Ní orí 35, wọ́n tún mú òrùka etí wá fún kíkọ́ àgọ́. Ẹgbẹ́ kan náà ni. Irú wúrà kan náà ni. Ọgbọ́n ọwọ́ wà nínú méjèèjì. Ìṣọ̀kan pàápàá wà nínú méjèèjì.

Kí ni ìyàtọ̀? Nípa ti ọmọ màlúù, àwọn ènìyàn ń wá ohun tí ojú wọn yóò rí, tí wọn yóò sì fi yangàn. Nípa ti àgọ́, wọ́n ń ṣe ohun tí Ọlọ́run pa láṣẹ, kí Ó lè máa gbé àárín wọn. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹgbẹ́ wà ní ìṣọ̀kan, tàbí pé ó lágbára, tàbí pé iṣẹ́ rẹ̀ dára lójú ni yóò fi hàn pé Ọlọ́run ni ó ń sìn. Ẹgbẹ́ lè ṣe ọdún aláriwo, kí aṣọ rẹ̀ máa dán yinrin, kí ó sì jẹ́ pé ọmọ màlúù ni wọ́n ń jó yí ká.

IV. Ẹgbẹ́ Tí Ó Mọ̀ Pé Ó Tó, Tí Ó sì Ń Jíyìn (Ẹ́kísódù 36:3–7, 38:21–31)

Ní àràárọ̀ ni àwọn ènìyàn ń mú ọrẹ wá, títí ó fi pọ̀ jù. Àwọn oníṣẹ́ tí nǹkan wà lọ́wọ́ wọn ni ó lọ bá Mósè pé ohun tí ó wà nílẹ̀ ti ju ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ lọ. Mósè sì mú kí a kéde ní ibùdó pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú wá mọ́. Ẹ̀yin ará, ìgbà wo ni a gbọ́ irú ìkéde yìí kẹ́yìn láàárín wa? Iṣẹ́ Ọlọ́run ní ìwọ̀n. Ẹgbẹ́ tí ó bá ń dá owó lé owó lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti tán, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó ń wá.

Lẹ́yìn èyí ni ìjíyìn wá. Lábẹ́ ọwọ́ Ítámárì ọmọ Áárónì ni a ṣírò gbogbo rẹ̀: wúrà jẹ́ tálẹ́ńtì 29 àti ṣékélì 730, fàdákà jẹ́ tálẹ́ńtì 100 àti ṣékélì 1,775, idẹ jẹ́ tálẹ́ńtì 70 àti ṣékélì 2,400. A sì sọ ohun tí a fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe, títí dé orí ìkọ́ àwọn òpó. Ẹ̀mí Ọlọ́run wà lára Bésálẹ́lì, síbẹ̀ a ka owó, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Akápò tí ó ń bínú nígbà tí a bá ní kí ó ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ ẹgbẹ́, kí ó ka orí yìí.

V. Aṣọ Tí Àwọn Opó Gbé Sókè (Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36–42)

Ní Jọ́pà ni Tàbítà, tí a tún ń pè ní Dọ́káàsì, ń gbé. Ọmọ-ẹ̀yìn ni, iṣẹ́ àánú rẹ̀ sì pọ̀. Nígbà tí ó kú, wọ́n ránṣẹ́ sí Pétérù. Bí ó ti dé, gbogbo àwọn opó yí i ká, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi ẹ̀wù àti aṣọ tí Dọ́káàsì dá fún wọn nígbà tí ó wà láàyè hàn án.

Kò sí ẹni tí ó ka oyè rẹ̀ fún Pétérù. Aṣọ tí ó wà lára àwọn opó ni ẹ̀rí rẹ̀. Àwọn tí kò lè san owó aránṣọ ni ó ń ránṣọ fún. Ó dájú pé ó mọ ìwọ̀n ara wọn, ó sì mọ ẹni tí aṣọ rẹ̀ ti gbó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó so ó pọ̀ mọ́ àwọn ènìyàn. Ohun tí ó yẹ kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ máa ṣe nìyí: nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan ti rí aṣọ bo ara, tàbí pé ẹni tí ó ti dá wà tẹ́lẹ̀ ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí pẹ̀lú pé ní Jerúsálẹ́mù (Ìṣe 6:1–7), ìjọ kan náà tí ó kún fún Ẹ̀mí ni a ti gbójú fo àwọn opó kan nínú ìpín ojoojúmọ́, nítorí pé èdè wọn yàtọ̀. Àwọn àpọ́sítélì kò sọ pé kí wọ́n panu mọ́. Wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn náà, wọ́n sì ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje tí yóò mójú tó o.

VI. Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ìtàn Ilẹ̀ Wa

Ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn, ìjọ Aládùúrà kan ní Èkó ń wá owó láti kọ́ ilé ìsìn. Wọ́n pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó wà nínú iṣẹ́ ọlọ́pàá pé kí ó bá wọn ṣe eré orin. Hubert Ògúndé ni orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1944, a ṣe eré náà, tí ó dá lórí ọgbà Édẹ́nì, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó. Láti inú iṣẹ́ ìjọ kan ṣoṣo yìí ni eré orí ìtàgé Yorùbá ti rí ọ̀kan nínú àwọn baba rẹ̀. Ìjọ ń wá owó bíríkì, kò sì mọ̀ pé ẹ̀bùn tí ó wà lára ọmọ náà pọ̀ ju ilé lọ.

Ìtàn kejì kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dúró Ládípọ̀, ọmọ oníṣẹ́ Ọlọ́run nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣe eré orin Àjíǹde ní ilé ìsìn kan ní Òṣogbo, ó sì mú ìlù ilẹ̀ wa wọ inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn. Dúró gbé ẹ̀bùn rẹ̀ lọ sí ìta. Ní ọdún 1962 ó dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ní ọdún 1964 ó sì gbé eré Ọba Kò So dé ìlú Berlin ní Jámánì.

A kò ní sọ pé ìbẹ̀rù àwọn àgbà ìgbà náà kò nídìí rárá. Ìlù ní ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ padà sí ibi tí Olúwa ti mú wọn jáde. Ṣùgbọ́n lónìí, gángan ń dún nínú ilé ìsìn wa káàkiri, a sì ń fi í yin Olúwa. Kí àwọn àgbà ìsinsìnyí rò ó: ohun wo ni àwọn ọ̀dọ́ ń mú wá báyìí tí a ń lé jáde, tí ó jẹ́ pé sùúrù àti ìtọ́sọ́nà ni ó ń fẹ́? Kí àwọn ọ̀dọ́ náà sì rò ó: ǹjẹ́ a ti jókòó ti àwọn àgbà kí a ṣàlàyé, tàbí a kàn fẹ́ kí wọ́n gba ohun tí a gbé wá?

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́

Ẹ jẹ́ kí a ro ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ṣẹlẹ̀ ní ìjọ èyíkéyìí. Ẹgbẹ́ akọrin kan fẹ́ ṣe àjọ̀dún. Wọ́n fẹnu kò pé kí olúkúlùkù ra aṣọ tuntun, wọ́n sì dá ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ pé. Wọ́n tún sọ pé ẹni tí kò bá ní aṣọ náà kò ní dúró láàárín akọrin lọ́jọ́ náà. Opó kan wà nínú wọn tí ó ń ta ẹ̀kọ, tí ó sì ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ohùn rẹ̀ dára. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ní orin. Kò rí owó san. Ojú tì í láti sọ. Ó dákẹ́, kò wá sí ìdánrawò mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ẹni tí ó lọ kí i nílé. Ọjọ́ àjọ̀dún pé, aṣọ bá ara mu, orin dùn, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́.

Ǹjẹ́ àjọ̀dún náà yọrí sí rere? Kò sí ẹni tí ó jalè níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó purọ́. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó fọwọ́ sí ìpinnu náà, opó náà sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn àgùntàn Olúwa ti sọnù lórí ọ̀rọ̀ aṣọ. Dọ́káàsì ránṣọ kí opó lè rí nǹkan wọ̀ láàárín ènìyàn. Ẹgbẹ́ yìí ránṣọ, opó sì fi ìtìjú jókòó sílé. Bí a bá tẹ̀lé 1 Kọ́ríńtì 12, ẹ̀yà ara tí ó dàbí ẹni pé kò lágbára ni a kò gbọdọ̀ má ní. Àwọn ọmọbìnrin kéékèèké wọ̀nyẹn, ta ni yóò kọ́ wọn lórin nísinsìnyí?

Èyí kò wí pé kí ẹgbẹ́ má ṣe wọ aṣọ kan náà. Aṣọ kan náà dára. Ó lè bo ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín olówó àti tálákà mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí bí a ṣe rà á. Ẹgbẹ́ lè lo aṣọ tí ó wà nílẹ̀. Ó lè fi oṣù mẹ́fà dá owó náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tí ó ní lè san kún un lábẹ́lẹ̀, kí akápò nìkan mọ̀. Àwọn tí ó mọ aṣọ rán nínú ìjọ lè rán an gẹ́gẹ́ bí ọ̀wẹ̀, kí owó aránṣọ kúrò nínú rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ yan ẹni méjì tí yóò máa bẹ ẹni tí kò wá wò kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kan tó dáwọ́ lé iṣẹ́, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin: Ta ni iṣẹ́ yìí yóò ràn lọ́wọ́? Ta ni kò ní lè bá wa ṣe é, kí ni a ó sì ṣe nípa rẹ̀? Ta ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa? Báwo ni a ó ṣe jíyìn nígbà tí ó bá tán?

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni Ẹ́kísódù 35:30–35 kọ́ wa nípa ibi tí ọgbọ́n ọwọ́ ti ń wá?
2. Fi òrùka etí inú orí 32 wé ti orí 35. Báwo ni a ṣe lè mọ̀ bí ẹgbẹ́ wa bá ń ya ọmọ màlúù?
3. Kí ni ìdí tí Bíbélì fi kọ iye wúrà àti fàdákà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?
4. Bí Dọ́káàsì bá wà ní ìjọ wa lónìí, irú iṣẹ́ wo ni ẹ rò pé yóò máa ṣe?
5. Ọ̀rọ̀ opó akọrin: bí ìwọ bá jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ náà, kí ni ìwọ ìbá ṣe kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kọjá?

IṢẸ́ FÚN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Kí olùkọ́ mú ìwé kan wá. Kí olúkúlùkù dárúkọ iṣẹ́ ọwọ́ kan tí ó mọ̀, ìbáà jẹ́ aṣọ rírán, aró rírẹ, iṣẹ́ bíríkìlà, oúnjẹ sísè tàbí ìwé kíkọ. Kí akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí kíláàsì yan ẹnì kan tàbí ilé kan nínú ìjọ tí ó wà nínú àìní, kí wọ́n sì fi ohun tí ó wà nínú ìwé yìí bẹ ọ̀wẹ̀ kan fún un kí oṣù tó parí. Kí ẹ sì ronú lórí orúkọ àwọn tí ó ti wà nínú ẹgbẹ́ yín rí tí ẹ kò rí mọ́. Ẹ lọ kí wọn nílé. Ẹ má ṣe mú ìwé owó dání.

Ẹ JẸ́ KÍ A GBÀDÚRÀ

Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ọgbọ́n tí Ó fi sí wa lọ́wọ́. Kí a bẹ̀ Ẹ́ kí Ó dárí jì wá níbi tí a ti fi ẹgbẹ́ ti ará wa sẹ́yìn. Kí a gbàdúrà fún àwọn olórí ẹgbẹ́ gbogbo nínú ìjọ wa, kí wọ́n lè ní ojú tí ń rí ẹni tí kò wá.